Ta Ni Ó Ru Ẹrù Àlejò Gun Òkè?

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kàrún-ún ọdún 1953, ọkùnrin méjì fi ẹsẹ̀ tẹ ṣóńṣó òkè tí ó ga jù lọ ní gbogbo ayé, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní Everest. Ọ̀kan ni Edmund Hillary, ọkùnrin tí ń sin oyin ní ilẹ̀ New Zealand. Èkejì ni Tenzing Norgay, ọmọ ẹ̀yà Sherpa. Gbogbo ìwé ìròyìn ayé ni ó gbé orúkọ àwọn méjèèjì jáde, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ akíkanjú ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ìwé kì í tẹnu mọ́. Kí àwọn méjì yìí tó lè dé orí òkè, àwọn aláàrù tí iye wọn ju 300 lọ ni wọ́n ru àgọ́, oúnjẹ, okùn àti àgbá afẹ́fẹ́ mímí láti àfonífojì Kathmandu lọ sí ìhà òkè náà, ìrìn tí ó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ta ni ó mọ orúkọ wọn lónìí? Àwọn àgbà wa ní òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà níbòji. Lórí òkè tí mo ń sọ yìí, kì í ṣe oòrùn ni ó ń pa òṣìṣẹ́ bí kò ṣe yìnyín, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ òwe náà kò yí padà.

Ìdí tí mo fi ń rán yín létí ìtàn yìí ni pé ní ayé òde òní, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ń lọ wo àwọn òkè ńlá fún ìgbádùn, àwọn aláàánú púpọ̀ sì ń dá owó jọ láti fi ran àwọn tí ń gbé ibẹ̀ lọ́wọ́. Ohun méjèèjì dára. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ ọ́ gbangba pé ìtọrẹ àánú kò lè rọ́pò owó iṣẹ́. Àlejò tí ó rẹ́ owó aláàrù jẹ, tí ó sì wá fi bírò àti súìtì ta àwọn ọmọ aláàrù náà lọ́rẹ, kò tíì ṣe oore kankan. Gbèsè ni ó jẹ, díẹ̀ nínú gbèsè náà ni ó sì ń san lábẹ́ orúkọ ẹ̀bùn. Bí a bá sì fẹ́ tọrẹ ní tòótọ́, ohun tí onílé béèrè ni kí a fún un, kì í ṣe ohun tí ó wu àlejò láti fi fọ́nnu.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí a ń wí. Ilẹ̀ Nepal wà láàárín ilẹ̀ Íńdíà àti ilẹ̀ Ṣáínà. Ní ìhà àríwá rẹ̀ ni àwọn òkè Himalaya to lọ bẹẹrẹ, èyí tí ó sì ga jù nínú wọn tó 8,848.86 mítà, gẹ́gẹ́ bí ìjọba Nepal àti ti Ṣáínà ti jùmọ̀ kéde ní ọdún 2020. Agbègbè Khumbu, tí ó wà lẹ́sẹ̀ òkè náà, ni ilé àwọn Sherpa. Iṣẹ́ wọn ní àtijọ́ ni kí wọ́n gbin ànàmọ́ òyìnbó àti ọkà báálì, kí wọ́n sì máa sin màlúù onírun gígùn kan tí wọ́n ń pè ní yak. Wọ́n tún ń bá àwọn ará Tibet ṣe pàṣípààrọ̀ ọjà ní òdì kejì òkè, iyọ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n ń rà bọ̀. Orúkọ tí àwọn Sherpa àti ará Tibet ń pe òkè náà láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni Chomolungma. Àwọn ará Nepal yòókù ń pè é ní Sagarmatha. Ní ọdún 1865 ni àwọn òyìnbó fi orúkọ George Everest pè é, ẹni tí ó ti jẹ́ olórí àwọn awọnlẹ̀ ní Íńdíà, bí òun tìkára rẹ̀ kò tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Àlejò lójú, kò fi ríran; ṣùgbọ́n ó ní etí tí ó fi lè béèrè orúkọ lọ́wọ́ onílé, bí ó bá fẹ́.

Hillary ní tirẹ̀ béèrè. Nígbà tí ó padà sí Khumbu ní ọdún 1960, ó bi àwọn Sherpa léèrè ohun tí òun lè ṣe fún wọn. Ẹnìkan tí kò mọ ìyà tó ń jẹ wọ́n ìbá rò pé owó tàbí aṣọ òtútù ni wọn yóò tọrọ. Ilé-ìwé ni wọ́n tọrọ. Wọ́n rí i pé ayé ti ń yí lọ, pé ọmọ tí kò mọ̀wé yóò di ẹrú fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, bí òkè baba rẹ̀ tilẹ̀ ga tó báwo. Ní ọdún náà ni Hillary dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ó ń jẹ́ Himalayan Trust. Ní ọdún 1961 wọ́n ṣí ilé-ìwé ní abúlé Khumjung. Àwọn abúlé mìíràn gbọ́, àwọn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí béèrè. Àwọn ará abúlé gbé òkúta àti igi wá síbi iṣẹ́, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn kọ́lé pẹ̀lú àwọn àlejò. Ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ràn. Oore tí onílé bá ní ọwọ́ nínú rẹ̀ kì í sọ onílé di alágbe.

Lẹ́yìn ilé-ìwé ni ilé ìwòsàn kékeré kan ní Kunde, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1966. N óò dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn yìí, nítorí ó fi hàn bí oore kékeré tí a ṣe sí ojú ibi tí ó yẹ ti lè tún ìran kan ṣe. Àrùn gègè ti ń bá àwọn ará Khumbu jà láti ayébáyé. Ẹ mọ gègè. Kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa. Ohun tí ó ń fà á níbẹ̀ ni pé èròjà kan tí a ń pè ní áyódìn ṣọ̀wọ́n nínú ilẹ̀ àti omi wọn. Òjò àti yìnyín ti fọ̀ ọ́ kúrò nínú erùpẹ̀ òkè láti ẹgbẹ̀rún ọdún wá, iyọ̀ tí wọ́n sì ń rà láti Tibet kò ní in nínú tó. Ọrùn wíwú nìkan kọ́ ni ìyà rẹ̀. Bí aboyún kò bá rí áyódìn tó, ọmọ tí yóò bí lè jẹ́ adití àti odi, tàbí kí ọpọlọ rẹ̀ má jí pépé títí ayé. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Khumbu nígbà náà, àwọn òbí wọn sì gbà pé àmúwá ni. Àwọn dókítà Kunde bẹ̀rẹ̀ sí fún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ òróró tí áyódìn wà nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n tún ṣètò iyọ̀ tí a fi áyódìn sí. Kò pẹ́ púpọ̀ tí bíbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fi di ohun tí kò wọ́pọ̀ mọ́. Abẹ́rẹ́ kan ni, ẹ gbọ́ o! Kì í ṣe ààfin, kì í sì í ṣe ère tí a gbé dúró láàárín ọjà.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí wọ́n kàwé ní Khumjung kọ́kọ́ di olùrànlọ́wọ́ dókítà ní Kunde. Lẹ́yìn náà ó lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní òkè òkun, ó padà wálé, ó sì di olórí ilé ìwòsàn náà, níbi tí ó jẹ́ pé àwọn àjèjì nìkan ni wọ́n ti ń ṣe dókítà tẹ́lẹ̀. Èyí ni mo fi ń wọn ìtọrẹ: ọjọ́ wo ni ẹni tí a ń ràn lọ́wọ́ yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹni tí ń ranni lọ́wọ́? Bí ọjọ́ náà kò bá sí nínú ètò, ẹ jẹ́ kí a fura sí ètò náà.

Hillary kò ṣe é ní ọ̀fẹ́. Ní ọdún 1975, nígbà tí ó ń kọ́ ilé ìwòsàn mìíràn ní Phaphlu, ọkọ̀ òfurufú kékeré tí ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin rẹ̀ wọ̀ láti lọ bá a níbẹ̀ já lulẹ̀ ní Kathmandu, àwọn méjèèjì sì kú. Kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé bá òun náà ní oṣù Kìíní ọdún 2008.

Síbẹ̀, oore pàápàá a máa bí ọmọ tí a kò rò tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1964, kí ó lè rọrùn láti kó ohun èlò ilé ìwòsàn wọlé, wọ́n la pápá ọkọ̀ òfurufú kékeré kan sí abúlé Lukla. Àwọn Sherpa ni wọ́n ro ilẹ̀ náà. Ìtàn sì sọ pé ijó ni wọ́n fi ẹsẹ̀ jó lórí rẹ̀ kí ilẹ̀ rẹ̀ lè le. Ìrìn tí ó ń gba ọ̀sẹ̀ méjì di ohun tí ènìyàn ń fò ní nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí. Ohun èlò wọlé, ṣùgbọ́n àlejò náà wọlé. Ní àwọn ọdún tí èrò ti pọ̀ jù ní àìpẹ́ yìí, àlejò tí ó ju 50,000 lọ ni ó wọ Khumbu láàárín ọdún kan, iye tí ó ju ti àwọn onílé lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Ẹ wo ohun tí èyí ṣe sí igbó. Ní òkè tí òtútù pọ̀ bẹ́ẹ̀, igi kì í tètè dàgbà. Àwọn Sherpa àtijọ́ mọ èyí dájú, wọ́n sì ń yan àwọn olùṣọ́ igbó láàárín ara wọn, tí wọ́n ń bu owó ìtanràn lé ẹni tí ó bá gé igi tútù níbi tí kò yẹ. Ní ọdún 1957 ni ìjọba Nepal gba igbó sí abẹ́ ara rẹ̀, agbára àwọn olùṣọ́ wọ̀nyí sì dín kù. Àsìkò náà kò ju ọdún díẹ̀ lọ sí ìgbà tí àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí dé, tí wọ́n ń fẹ́ omi gbígbóná láti fi wẹ̀, oúnjẹ gbígbóná láti jẹ, àti iná láti yá lálẹ́. Igi ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ. Nígbà tí ó di ọdún 1976, ìjọba sọ agbègbè náà di ọgbà tí òfin dáàbò bò, ní ọdún 1979 sì ni àjọ UNESCO kà á mọ́ àwọn ohun ìní gbogbo ayé. Òfin wá dé pé kí àwọn ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò máa fi kẹrosíìnì tàbí gáàsì dáná dípò igi. Wọ́n sì dá ibi tí a ti ń tọ́ irúgbìn igi sílẹ̀, wọ́n ń gbìn wọ́n padà sí ẹ̀gbẹ́ òkè. Òfin yìí dára, ṣùgbọ́n kí a má gbàgbé pé àwọn onílé ti ní òfin tiwọn kí ọgbà ìjọba tó dé.

Ní ti pàǹtírí, ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀. Àgọ́ yíya, agolo, okùn, àgbá afẹ́fẹ́ òfìfo, àti ohun tí ènìyàn ń yà sílẹ̀ tí a kò lè dárúkọ níwájú àwọn àgbà: gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń fi sílẹ̀ lórí yìnyín tí kò jẹ́ kí nǹkan jẹrà. Ní ọdún 1991 àwọn ará Khumbu dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti máa gbógun ti ẹ̀gbin náà. Fún ọdún díẹ̀, ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ gun òkè ní láti fi 4,000 dọ́là dógò, tí wọ́n ń dá padà fún un bí ó bá kó ẹ̀gbin rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ní ọdún 2014 sì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí béèrè pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé kílò 8 pàǹtírí bọ̀, yàtọ̀ sí tirẹ̀ tí ó bá jẹ tán. Ní ọdún 2024 ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ tún pàṣẹ pé kí olúkúlùkù fi àpò gbé ìgbẹ́ ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n omi tí àwọn abúlé ìsàlẹ̀ ń mu, láti ara yìnyín náà ni ó ti ń ṣàn wá. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ẹni tí ó lè san ẹgbẹẹgbàárùn-ún dọ́là láti gun òkè lè ka 4,000 sí owó tí ó ṣeé jù nù. Àti pé nígbà tí wọ́n bá tilẹ̀ gbé àgbá òfìfo sọ̀kalẹ̀, ẹ̀yìn ta ni ó wà? Ẹ̀yìn aláàrù ni.

Èyí ni ó mú mi padà sí ọ̀rọ̀ aláàrù, nítorí òun ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé yìí. Àwa Yorùbá a máa fi òṣùká sí àtàrí kí a tó gbé ẹrù. Ti Nepal kò rí bẹ́ẹ̀: ọ̀já fífẹ̀ kan ni wọ́n ń gbé kọ́ iwájú orí, apẹ̀rẹ̀ ẹrù á sì so rọ̀ sí ẹ̀yìn, ọrùn ni ó ń gba gbogbo agbára náà. Kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni Sherpa. Àwọn àlejò ti sọ Sherpa di orúkọ iṣẹ́, bí ẹni pé a pe gbogbo alágbàfọ̀ ní orúkọ ìlú kan. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń ru ẹrù ní ìsàlẹ̀ òkè jẹ́ ará Rai àti Tamang láti àfonífojì, tálákà ni wọ́n, òtútù òkè kò sì mọ́ wọn lára ju bí ó ti mọ́ àlejò lọ. Òfin Nepal ní kí ẹrù ọkùnrin má ju kílò 30 lọ. Ẹni tí ó bá rìn lójú ọ̀nà náà yóò rí àwọn tí ẹrù wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, nítorí ìwọ̀n ẹrù ni a fi ń wọn owó wọn, ebi kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn rántí òfin.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 2014, òkìtì yìnyín ńlá kan ya láti ara Everest, ó wó lu àwọn òṣìṣẹ́ tí ń ru ẹrù kọjá ní ibi tí wọ́n ń pè ní Khumbu Icefall. Ènìyàn 16 ni ó kú, gbogbo wọn ọmọ ilẹ̀ Nepal. Kò sí àlejò kan nínú wọn. Ẹ má ṣe rò pé orí ni ó yọ àwọn àlejò. Ibi náà jẹ́ odò yìnyín tí ó fọ́ wẹ́wẹ́, tí ó ń rìn lójoojúmọ́, tí kòtò rẹ̀ jìn tó bẹ́ẹ̀ tí a ń fi àkàbà tẹ́ afárá lé e lórí. Àlejò ń là á kọjá ní ìgbà díẹ̀. Òṣìṣẹ́ ń là á kọjá léraléra nítorí pé àgọ́, oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ mímí àlejò gbọ́dọ̀ ti dé òkè kí àlejò tó dé. Ewu tí àlejò sanwó láti fojú kàn, òṣìṣẹ́ ni ó ń gbà á jẹ nígbà mẹ́wàá.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba kéde pé ìdílé ẹni kọ̀ọ̀kan tí ó kú yóò gba 40,000 rúpì fún ìsìnkú, owó tí ó tó nǹkan bí 400 dọ́là. Ní ọdún yẹn, owó tí ọ̀pọ̀ àlejò ń san láti gun òkè náà ju 30,000 dọ́là lọ. Inú bí àwọn Sherpa gidigidi. Wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n sọ̀kalẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó gun òkè náà gba ìhà Nepal mọ́ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ ńlá ní àsìkò náà. Àwọn kan pe èyí ní àìmoore sí àwọn àlejò tí ó ti rìn jìnnà wá. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò tọrọ àánú. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé kí owó adójútòfò ẹni tí ó bá kú lẹ́nu iṣẹ́ pọ̀ tó láti tọ́ ọmọ rẹ̀, kí a sì bọ̀wọ̀ fún òkú wọn. Wọ́n sì gbé owó adójútòfò náà sókè lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn aláàánú kó ìrànlọ́wọ́ wá fún àwọn opó, Ọlọ́run yóò san án fún wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá ti san ohun tí ó tọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, opó kò ní máa wo ọwọ́ aláàánú.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ilẹ̀ Éṣíà nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Òkè tí ó ga jù ní ilẹ̀ Áfíríkà tiwa ni Kilimanjaro ní ilẹ̀ Tanzania, 5,895 mítà ni gíga rẹ̀. Àwọn ará Chagga tí ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀ kọfí àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n mọ bí a ti ń fa omi láti òkè wá sí oko kí òyìnbó tó dé. Lónìí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́kùnrin ibẹ̀ àti ti agbègbè rẹ̀ ń ṣe aláàrù fún àwọn àlejò. Ẹrù tí ọgbà náà gbà láàyè fún aláàrù kan kò gbọdọ̀ ju kílò 20 lọ, wọ́n sì gbé òṣùwọ̀n sí ẹnubodè láti fi wọ̀n ọ́n. Láti ọdún 2003 ni ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Kilimanjaro Porters Assistance Project ti ń jà fún wọn. Ẹgbẹ́ yìí ń yá àwọn aláàrù ní aṣọ òtútù lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí mo kà sí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni pé ó ń wádìí bóyá ilé-iṣẹ́ tí ó kó àlejò lọ san owó aláàrù pé, bóyá ó fún wọn ní oúnjẹ àti àgọ́ tí ó yẹ ọmọ ènìyàn, ó sì ń jẹ́ kí àlejò mọ àwọn tí ó ń ṣe dáadáa.

Ìwádìí yìí ṣe pàtàkì nítorí ohun kan tí ọ̀pọ̀ àlejò kì í rò. Nígbà tí àlejò bá ná ọjà ìrìn-àjò rẹ̀ títí tí ó fi dín owó kù, inú rẹ̀ a dùn pé òun gbọ́n. Ṣùgbọ́n owó ọgbà kì í dín, ìjọba ni ó ń gbà á. Owó epo ọkọ̀ kì í dín. Oníṣòwò náà kò ní jẹ́ kí èrè rẹ̀ dín. Ibo ni ẹ̀dínwó náà yóò ti jáde? Àfi láti inú àwo oúnjẹ aláàrù, láti ara aṣọ òtútù tí kò ní, àti láti inú owó tí ó yẹ kí ó gbé lọ fún ìyá rẹ̀. Nítorí náà, bí iye tí wọ́n pè bá pọ́ọ́kú jù, kí a béèrè ẹni tí ó ń san ìyókù rẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé bí ọ̀ràn bá rí báyìí, ó sàn kí àwọn àlejò jókòó sí ilé wọn, kí òkè sinmi, kí aláàrù náà sì sinmi. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n a ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà gba ayé kan, ìjọba Nepal ti òkè pa. Òkè sinmi lóòótọ́. Àwọn amọ̀nà, aláàrù, aláàsè àti onílé oúnjẹ pàdánù owó ọdún kan gbáko, àwọn mìíràn padà sí oko ànàmọ́, ọmọ wọn sì dúró sílé láìsí owó ilé-ìwé. Iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́. Wọn kò fẹ́ kí a ṣàánú wọn nípa gbígba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fẹ́ kí iṣẹ́ náà má pa wọ́n.

Àwa pàápàá ní òkè. Ẹni tí ó bá ti gun Ìdànrè mọ ohun tí mo ń wí: àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ni ènìyàn ń gùn kí ó tó dé ìlú àtijọ́ tí àwọn ará Ìdànrè gbé kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ní ọ̀rúndún tí ó kọjá, níbi tí ààfin àtijọ́, ilé ẹjọ́ àti ilé-ìwé wà títí di òní. Láti ọdún 2007 ni orúkọ ibẹ̀ ti wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé. Kì í ṣe ahoro lásán. Àwọn onílé ṣì ń gòkè lọ ṣe ọdún wọn níbẹ̀, àwọn ibìkan sì wà tí wọn kò fẹ́ kí àjèjì tẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ń ṣe nígbà tí olùkọ́ bá kó wọn lọ sí irú ibi bẹ́ẹ̀? Wọ́n ń fi ẹfun àti ọ̀dà kọ orúkọ sára àpáta. Wọ́n ń mu omi tán, wọ́n ń ju ọ̀rá rẹ̀ sí kòtò àpáta, ibi tí òjò yóò ti gbá a lọ sínú odò àwọn tí ń gbé ìsàlẹ̀. Wọ́n sì ń bá amọ̀nà jiyàn lórí owó tí kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán tí wọ́n gbé wá.

Nígbà tí ilé-ìwé yín bá tún ń múra àti lọ, ẹ bẹ olùkọ́ yín pé kí wọ́n ka owó amọ̀nà mọ́ owó ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó má jẹ́ ohun tí a ń ṣa jọ lẹ́sẹ̀ òkè. Ẹ mú àpò kan dání fún ọ̀rá àti agolo yín. Bí ẹ bá dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ kí àgbà tí yóò mú yín gòkè, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ àti ibi tí ẹ kò gbọdọ̀ dé, kí ẹ sì kọ orúkọ náà sínú ìwé àròkọ tí ẹ óò kọ nígbà tí ẹ bá padà délé.